Sẹ́ńsọ̀ Nínú Ọgbà Ewéko: Bí A Ṣe Ń Mọ Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Nídìí Igi

Sẹ́ńsọ̀ ọgbà jẹ́ ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ tàbí tí wọ́n ń so mọ́ òpó, kí ó lè máa wọn ọ̀rinrin ilẹ̀, ooru, ìmọ́lẹ̀ oòrùn àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tọ̀sán-tòru, kí ó sì máa fi ohun tó bá rí ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù. Àgbẹ̀ tó gbin àgbàdo nìkan lè má nílò rẹ̀ púpọ̀, torí ohun kan náà ni gbogbo oko rẹ̀ ń fẹ́. Ọgbà ewéko yàtọ̀. Igi àti ewé láti oríṣiríṣi ilẹ̀ ni wọ́n ń kó jọ síbẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àti kí irú wọn má bàa run, bíi ti ọgbà Aburi ní Ghana tí wọ́n ṣí ní 1890, tàbí èyí tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ewé eéran fẹ́ ibòji àti ilẹ̀ tútù. Etí erin kò fẹ́ kí omi dúró nídìí rẹ̀ rárá. Òjò kan náà ló sì ń rọ̀ sórí àwọn méjèèjì.

Ní agbègbè Ọ̀jọ́ ní Èkó, láti Alaba Rago títí dé Iba àti Okokomaiko, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Yanrìn pọ̀ nínú ilẹ̀ ibẹ̀, àbàtà kò sì jìnnà. Yanrìn kì í di omi mú: òjò oṣù kẹfà lè rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́, kí omi rẹ̀ sì ti sọ̀ kalẹ̀ kọjá gbòǹgbò irúgbìn kékeré láàárín ọjọ́ díẹ̀. Níbi tó bá rẹlẹ̀, omi á dúró, gbòǹgbò ò ní rí afẹ́fẹ́ mí, ewé á sì rọ bíi pé òǹgbẹ ló ń gbẹ igi náà. Olùtọ́jú tó bá wo ewé nìkan lè máa bomi rin igi tí omi ń pa lọ. Ibí yìí gan-an ni sẹ́ńsọ̀ ti wúlò jù, torí inú ilẹ̀ ló ń wò. Òmíràn tún wà tó ń wọn iyọ̀, èyí tó ṣe pàtàkì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi kànga ẹ̀bá ọ̀sà lè bẹ̀rẹ̀ sí í níyọ̀.

Oríṣi sẹ́ńsọ̀ méjì tó ń wọn ọ̀rinrin ilẹ̀ ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ní ẹsẹ̀ irin méjì tí iná ń gba inú ilẹ̀ kọjá láàárín wọn. Kò wọ́n, ṣùgbọ́n irin rẹ̀ tètè ń dípẹtà. Èkejì jẹ́ pátákó pẹlẹbẹ tí irin rẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀dà, tí ń wọn bí ilẹ̀ ṣe ń gba agbára iná mọ́ra. Ní ti bí nǹkan ṣe ń gba agbára iná mọ́ra yìí, nǹkan bí 80 ni òṣùwọ̀n omi; ti ilẹ̀ gbígbẹ kì í sábà ju 3 sí 5 lọ, ti afẹ́fẹ́ sì jẹ́ 1. Nítorí ìyàtọ̀ ńlá yìí, bí omi bá fi díẹ̀ pọ̀ sí i, ẹ̀rọ náà á mọ̀.

Nọ́ńbà tó bá gbé jáde kò tíì ní ìtumọ̀ títí wọ́n á fi kọ́ ọ mọ ilẹ̀ ọgbà náà. Wọ́n á bu yanrìn ibẹ̀, wọ́n á yan án gbẹ, wọ́n á wọ̀n ọ́n sínú ike, wọ́n á ki sẹ́ńsọ̀ bọ̀ ọ́, wọ́n á sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa bu omi tí wọ́n ti wọ̀n sí i díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n á máa pò ó, tí wọ́n á sì máa kọ nọ́ńbà, títí yanrìn kò fi ní gbà mọ́. Ẹni tó bá fo iṣẹ́ yìí, irọ́ ni ẹ̀rọ rẹ̀ á máa pa fún un, torí nọ́ńbà tó bá amọ̀ mu kò bá yanrìn mu. Ó tún dára kí wọ́n ri ọ̀kan sí nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 10, kí òmíràn wà ní 30, kí wọ́n lè mọ ibi tí omi dé.

Ní ti fífi ìròyìn ránṣẹ́, a lè lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, tàbí LoRa, ọ̀nà rédíò tí kì í jẹ bátìrì púpọ̀, tó sì lè dé kìlómítà mélòó kan ní gbangba. Lábẹ́ igi dídí kò lè lọ tó bẹ́ẹ̀, torí ewé tútù ń dín agbára rédíò kù. Àjọ TAHMO, tó ń gbé ẹ̀rọ ojú-ọjọ́ kalẹ̀ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú, ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù àti agbára oòrùn.

Àǹfààní sẹ́ńsọ̀ kò mọ sórí omi inú ilẹ̀. Àrùn tó ń mú kí èso kòkó dú, ìgbà tí èso bá tutù fún wákàtí púpọ̀ ló ń gbilẹ̀, lóru ni èyí sì sábà máa ń jẹ́, nígbà tí olùtọ́jú ti lọ sílé. Sẹ́ńsọ̀ ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ kì í sùn. Àwọn ọgbà kan tilẹ̀ ń jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ tan pọ́ǹpù, àmọ́ kò yẹ kí wọ́n kánjú sí èyí: bí èèrà bá wọ inú àpótí rẹ̀ tàbí tí eku bá gé wáyà, omi lè máa ṣàn di òwúrọ̀.

Bátìrì, sólà àti wáyà kò ṣòro í rí ní ọjà Alaba International, bẹ́ẹ̀ ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, tí wọ́n sì ti ń kọ́ni nípa ewéko, wà ní Ọ̀jọ́ kan náà. Àmọ́ ohun kan wà tí àwọn sẹ́ńsọ̀ wọ̀nyí kò lè rí: òjé, irin olóró. Níbi tí wọ́n ti ń tú àlòkù ẹ̀rọ, tí wọ́n sì ń sun wáyà láti yọ kọ́pà, òjé lè wọ ilẹ̀, nọ́ńbà ọ̀rinrin kò sì ní fi hàn. Ilé àyẹ̀wò ló lè sọ ọ́, ó sì yẹ kí wọ́n gbé ilẹ̀ lọ síbẹ̀ kí wọ́n tó gbin ohunkóhun. Bí òjé bá wà níbẹ̀, orí ebè gíga tí wọ́n fi nǹkan tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì fi ilẹ̀ tó mọ́ láti ibòmíràn kún, ni kí wọ́n gbin igi sí.