Kòkòrò Àrùn Tí Apá Oògùn Kò Ká Mọ́

Ó ti pẹ́ tí àwọn baba ńlá wa ti mọ̀ pé ohun tí ojú kò rí lè pa ènìyàn. Lára irú ohun bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò àìfojúrí, tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá nìkan ni a lè fi rí i. Oríṣiríṣi ni wọ́n. Èyí tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níhìn-ín ni àwọn tí à ń pè ní bakitéríà.

Kì í ṣe gbogbo bakitéríà ni ó jẹ́ ọ̀tá wa. Ẹ wo pupuru tí à ń jẹ ní Ìyánsàn àti ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ yíká. Nígbà tí a bá rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan, bakitéríà ni ó ń mú un kan tí ó sì ń mú un rọ̀, kí á tó fún omi rẹ̀ kúrò, kí á tó mọ ọ́n rúbútú, kí á sì tó yá a lórí iná. Ọ̀kẹ́ àìmọye bakitéríà ni ó sì ń gbé inú ìfun wa àti lára awọ wa láìṣe wá ní ibi. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé, bí wọ́n bá ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró tàbí ojú ọgbẹ́, ọ̀ràn dé.

Láyé àtijọ́, ọgbẹ́ tí kò tó nǹkan lè ti ipa bẹ́ẹ̀ di ikú. Ní ọdún 1928, ní ilé ìwòsàn St. Mary's ní Lọ́ńdọ̀nù, Alexander Fleming ṣàkíyèsí pé ohun kan, irú èyí tí ń hù lára búrẹ́dì tí ó bá bu, ti hù sínú àwo tí ó fi ń sin bakitéríà, ó sì ti pa àwọn tí ó wà ní àyíká rẹ̀. Láti ara ohun yìí ni a ti rí pẹnisílìn. Howard Florey àti Ernst Chain pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Oxford ni ó sọ ọ́ di oògùn tí ó wúlò fún aláìsàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a rí oògùn apakòkòrò mìíràn lóríṣiríṣi. Ní 1945, nígbà tí a fi Ẹ̀bùn Nobel dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́lá, Fleming ṣe ìkìlọ̀ kan. Ó ní ìgbà lè dé tí ẹnikẹ́ni yóò lè ra pẹnisílìn ní ìsọ̀, tí aláìmọ̀kan yóò sì máa lo ìwọ̀n tí kò tó, tí yóò fi kọ́ kòkòrò ní bí a ti í la oògùn já.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Àgbẹ̀ tí ń wọ́n oògùn apakoríko sí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo koríko ni ó ń kú. Àwọn tí kò lágbára a gbẹ. Ọ̀kan tàbí méjì tí ó le a ṣẹ́kù. Bí ó bá ń wọ́n oògùn kan náà lọ́dọọdún, àwọn tí ó ṣẹ́kù wọ̀nyí ni yóò máa so èso, nígbà tí ó bá sì yá, ìran wọn nìkan ni yóò bo oko. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nínú ara. Láàárín àìmọye bakitéríà, ọ̀kan lè wà tí ìyípadà kékeré ti dé bá ẹ̀dá rẹ̀, tí oògùn kò fi ràn án. Oògùn a pa àwọn yòókù, èyí nì a sì gba ilé. Irú bakitéríà kan wà tí ó lè di méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú bí ibùgbé bá bá a lára mu. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti di ogun. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ara aláìsàn ni oògùn kò ràn mọ́. Kòkòrò náà gan-an ni.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá kò mọ sí ọ̀kan. Àwọn kan ń pèsè èròjà tí ń já pẹnisílìn sí wẹ́wẹ́ kí ó tó ṣiṣẹ́. Àwọn mìíràn ń lé oògùn jáde bí ó ti ń wọlé, bí ẹni tí ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ tí ń jò. Èyí tí ó burú jù ni pé bakitéríà kan lè fi ọgbọ́n yìí lé èkejì lọ́wọ́, bí wọn kì í tilẹ̀ ṣe ìran kan náà.

Ilé ìwòsàn, tí ó yẹ kí ó jẹ́ ibi ìsádi, ni irú àwọn kòkòrò wọ̀nyí ti ń rí àyè jù. Ibẹ̀ ni a ti ń lo oògùn apakòkòrò lọ́pọ̀lọpọ̀, tí àwọn aláìlágbára nínú wọn fi ń kú tí àwọn alágbára fi ń ṣẹ́kù. Ara àwọn tí ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kò le. Ẹnì kan ní ojú iṣẹ́ abẹ. A ti ki rọ́bà sí ara ẹlòmíràn kí ìtọ̀ lè máa dà. A ti fi abẹ́rẹ́ sí iṣan ẹlòmíràn kí omi lè máa wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni gbogbo ìwọ̀nyí jẹ́ fún kòkòrò. Ọwọ́ dókítà, ọwọ́ nọ́ọ̀sì, tàbí ọwọ́ ìbátan tí ó wá tọ́jú aláìsàn sì lè gbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì kan dé orí èkejì. Báyìí ni ìyá tí iṣẹ́ abẹ fi gbẹ̀bí rẹ̀ láyọ̀ ṣe lè bọ́ sọ́wọ́ àrùn tí kò gbé wá láti ilé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́. Ní 1961, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a rí Staphylococcus aureus, kòkòrò tí ń mú kí ọgbẹ́ ṣọyún, tí oògùn methicillin kò ràn, bẹ́ẹ̀ ni oògùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Nítòsí wa, àwọn onímọ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára wọn, ṣe àyẹ̀wò bakitéríà tí à ń pè ní Klebsiella, èyí tí a gbà láti ara àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn ńlá mẹ́ta ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà láàárín 2016 sí 2018. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni oríṣiríṣi oògùn kò ràn, àmì sì wà pé àwọn kan ti ń ran láti ara aláìsàn kan sí èkejì. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet tẹ̀ jáde ní 2022, irú àrùn bẹ́ẹ̀ pa nǹkan bí 1,270,000 ènìyàn ní gbogbo àgbáyé ní ọdún 2019. Bí a bá fi iye ikú wé iye ènìyàn, ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni ó burú sí jù.

Ẹlòmíràn lè wí pé, ‘Kí ni ọ̀ràn ilé ìwòsàn ńlá kàn mí ní Ìyánsàn?’ Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Bí ọ̀fìnkìn bá mú wa, a ra kápúsù, bẹ́ẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fa ọ̀fìnkìn, oògùn apakòkòrò kò sì lè pa fáírọ́ọ̀sì. Ẹlòmíràn a tú tẹtirasaikílìn dà sójú ọgbẹ́. Ẹlòmíràn a ra ẹyọ méjì péré lọ́wọ́ akiri oògùn, tàbí kí ó fi ìyókù oògùn tirẹ̀ pamọ́ de àìsàn ọmọ rẹ̀. Olùsìn adìẹ a pò ó mọ́ omi fún adìẹ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Kì í ṣe ìwà ibi ni ó fà á. Ilé ìwòsàn lè jìnnà, owó àyẹ̀wò sì wọ́n. Akiri oògùn ni ó sún mọ́ni. Ṣùgbọ́n kòkòrò tí a tipa bẹ́ẹ̀ sọ di alágbára kò ní dúró sí ara ẹni tí ó lo oògùn. Bí ẹni náà bá wọ ilé ìwòsàn lọ́la, yóò gbé e lọ síbẹ̀.

Kí ni ṣíṣe? Ìkínní ni àyẹ̀wò. A lè sin kòkòrò tí ń yọ aláìsàn lẹ́nu sínú àwo, kí á sì to bébà pélébé tí a ti rẹ sínú oríṣiríṣi oògùn sórí rẹ̀. Èyí tí àyíká rẹ̀ bá mọ́ kedere, oògùn rẹ̀ ni ó lè ṣẹ́gun. Ìkejì ni ọwọ́ fífọ̀. Ní 1847, ní ìlú Vienna, Ignaz Semmelweis mú kí àwọn dókítà máa fi omi oògùn fọ ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan aboyún. Ikú àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun sì dín kù gidigidi. Kòkòrò tí oògùn kò ràn pàápàá, ọṣẹ àti omi ń ṣàn án kúrò lọ́wọ́. Ìkẹta ni pé kí á lo oògùn apakòkòrò nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ bá fún wa nìkan, bí ó bá ti wí ni kí á sì lò ó, láìdín, láìlé. Ìkẹrin ni abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àwọn ọmọ wa, nítorí àrùn tí kò mú ni kò béèrè oògùn.

Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ètò kan kalẹ̀ ní 2017 láti kojú ewu yìí, ṣùgbọ́n ìjọba nìkan kò lè dá a ṣe. Oògùn apakòkòrò dà bí odò tí gbogbo ìlú ń pọn. Bí ẹnì kan bá da ìdọ̀tí sí i lókè, ẹni tí ń pọn ọ́n nísàlẹ̀ ni yóò mu ún. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá dé ilé, ẹ ka èyí sí etí àwọn òbí yín, kí oògùn tí ó ń gbà wá là lónìí lè gba àwọn ọmọ tiyín náà là.