Èdè Abínibí: Kí Ni Ọmọ Jogún?

A máa ń pe Yorùbá ní èdè abínibí wa. Ìdílé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àwọn onímọ̀ fún ní orúkọ KE, mú kí a bi ara wa pé kí ni a bí mọ́ ènìyàn gan-an. Láàárín ìran mẹ́ta, nǹkan bí ìdajì wọn ni ọ̀rọ̀ kì í já gaara lẹ́nu wọn. Ní 1990, Myrna Gopnik sọ pé àmì iye àti àsìkò lára ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kò yé wọn. Kíá ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí pariwo 'jíìnì gírámà', bí ẹni pé èròjà àjogúnbá kan ṣoṣo ló gbé gírámà dání. (Ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í yí padà nítorí iye tàbí àsìkò, bó bá ṣe ìdílé Yorùbá ni ńkọ́?) Ní 1995, Faraneh Vargha-Khadem àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé yíyí ètè àti ahọ́n pàápàá nira fún wọn. Ọdún 2001 ni a dá jíìnì náà mọ̀: FOXP2, lórí kírómósóómù keje. Ó wà lára eku, ó wà lára ẹyẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa darí àwọn jíìnì mìíràn. Kò ru ìró tàbí gbólóhùn èdè kankan. Ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ èdè náà dàgbà kò ní mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀.