Wọlé-wọlé Inú Ihò: Ẹ̀kọ́ Tí Ọmọ Ọjà Lè Rí Kọ́

 

Bí a bá dárúkọ wọlé-wọlé nínú ọjà, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹnì kan á sáré wá, á ní, "Wọ́n ń bọ̀ o!" Kíá, a ti kó ẹrù kúrò lójú ọ̀nà, a ti gbé kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì pamọ́ sábẹ́ tábìlì. Wọ́n á wò, wọ́n á lọ. Kó tó dìrọ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ ti padà sí bó ṣe wà. Ta la tàn jẹ? Àwa fúnra wa ni. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọlé-wọlé mìíràn, èyí tó ń wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ.

Òkúta kan wà ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà tí òyìnbó ń pè ní oil shale. Òkúta lásán ni lójú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fọ́ ọ, tí wọ́n sì fi ooru tó tó ìlọ́po márùn-ún ti omi híhó yan án, epo á jáde lára rẹ̀. Nígbà ogun Hítílà, ní 1944, ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin pé kí wọ́n wá ọ̀nà tí wọ́n á fi rí epo láti inú irú òkúta yìí àti èédú. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwakùsà, Bureau of Mines, wá gbẹ́ ihò ìdánwò sí Anvil Points, nítòsí ìlú Rifle. Ihò ńlá ni o! Yàrá inú rẹ̀ fẹ̀ tó 60 ẹsẹ̀, òpó òkúta tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ ló sì gbé òrùlé dúró. Ní 1956 ni ìjọba dá iṣẹ́ náà dúró.

Ẹ jẹ́ ká béèrè ọ̀rọ̀ kan. Ilé iṣẹ́ tó gbẹ́ ihò yìí, abẹ́ rẹ̀ náà ni àwọn wọlé-wọlé ihò èédú wà nígbà yẹn. Ṣé olùtajà lè máa yẹ òṣùwọ̀n ara rẹ̀ wò?

Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló lọ kí wọ́n tó tún un ṣe. Ní May 2, 1972, iná jó nínú ihò fàdákà Sunshine ní Idaho, èèyàn 91 kú. Ní March 1976, gáàsì bú gbàmù lẹ́ẹ̀mejì nínú ihò èédú Scotia ní Kentucky. Èèyàn 26 ló kú, wọlé-wọlé ìjọba mẹ́ta sì wà lára wọn. Òfin tuntun wá dé ní 1977. Ní 1978, wọ́n kó iṣẹ́ wọlé-wọlé lọ sábẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ì báà jẹ́ èédú, ì báà jẹ́ òkúta elépo tí wọ́n ṣì ń fi dánwò, òfin náà kàn án.

Kí ni òfin yìí wí? Àkọ́kọ́, ó kéré tán, wọlé-wọlé gbọ́dọ̀ yẹ gbogbo ihò abẹ́ ilẹ̀ wò látòkèdélẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún. Wọ́n á wo òrùlé, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, wáyà iná, àti ọ̀nà àsálà, tó gbọ́dọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n á wọn gáàsì mẹ́táànì tí kò ní òórùn. Bó bá tó ìdá 5 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́, iná ṣíún lè mú un bú. Nítorí náà, kó tó kọjá ìdá 1, wọ́n gbọ́dọ̀ ti wá nǹkan ṣe sí i.

Èkejì, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ta ẹnikẹ́ni lólobó pé wọlé-wọlé ń bọ̀. Ẹ̀wọ̀n tó lè tó oṣù mẹ́fà wà fún un. Ẹ̀kẹta, aṣojú àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti bá wọlé-wọlé rìn yí ihò ká, owó ọjọ́ náà kò sì ní dín. Ẹ̀kẹrin, òṣìṣẹ́ tó bá rí ewu lè kọ̀wé pè wọ́n, wọn kò sì ní fi orúkọ rẹ̀ han ọ̀gá.

Síbẹ̀, àwọn kan ṣì ń ta olobó. Ní April 5, 2010, ihò èédú Upper Big Branch ní West Virginia bú, èèyàn 29 kú. Ìwádìí fi hàn pé bí wọlé-wọlé bá ti dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ti fi rédíò sọ fún àwọn tó wà nísàlẹ̀ pé kí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe. Ẹ̀yin ìyá wa, ṣé ẹ ò rí i pé "Wọ́n ń bọ̀ o" tiwa náà nìyẹn?

A mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ máa ní owó rìbá ni wọlé-wọlé mìíràn ń wá gbà. Òótọ́ ni, ó sì ń dun àwa náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n ẹ̀kẹta yẹn. Wọlé-wọlé tí ìyálọ́jà àti obìnrin méjì ń tẹ̀ lé kiri, níwájú ta ni yóò ti nawọ́ gba owó?

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Kí ìlà kọ̀ọ̀kan yan obìnrin kan tí yóò máa bá wọlé-wọlé rìn. Kí ẹni tó bá rí wáyà tó bó, tàbí ọ̀nà tí ẹrù dí, wá sọ fún ìgbìmọ̀. A ò ní dárúkọ rẹ̀. Kí asáré-ta-olobó sì sinmi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Iná kì í sọ ọjọ́ tó ń bọ̀, kò sì sí ẹni tó lè bá wa sáré wá sọ.