Bí ọmọ bá ń lọ sí àgọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì: ohun tí yóò bá pàdé níbẹ̀



Bí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ bá ti ń sún mọ́lé, ìwé ìpè oríṣiríṣi ni àwọn ọmọ wa ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko máa ń gbé wálé. Ọ̀kan ní kí ọmọ wá kọ́ kọ̀ǹpútà, òmíràn ní kí ó wá há Àlùkùránì sórí. Èyí tó máa ń kó àwọn òbí lọ́kàn sókè jù ni ti àgọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, níbi tí ọmọ yóò ti sùn ní ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún nítòsí igbó tàbí létí omi, láìsí ìyá tàbí bàbá lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ṣé wọn yóò jẹ́ kó kírun? Bí ara rẹ̀ kò bá yá lóru ńkọ́?

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe tuntun lágbàáyé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dá Field Studies Council sílẹ̀ ní ọdún 1943, wọ́n sì ṣí ibùdó Flatford Mill fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní 1946. Àwọn ẹbí wa tó ń tọ́mọ ní London mọ̀ nípa irú ìrìn àjò yìí dáadáa. Nílé níbí, Lekki Conservation Centre tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní 1990 ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ Èkó máa ń kó ọmọ lọ. Ilẹ̀ rẹ̀ tó hẹ́kítà 78, afárá orí igi tó wà níbẹ̀ sì gùn tó mítà 401. Ní Ìbàdàn, ọgbà IITA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 ní igbó tirẹ̀, tó tó nǹkan bíi hẹ́kítà 350. Ní ti sísùn síta, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òbí tó ń ka ìwé yìí ló ti lọ sí Islamic Vacation Course ti MSSN rí. Ẹ rántí ẹní orí sìmẹ́ǹtì àti ìlà gígùn níbi oúnjẹ. Ohun tí ọmọ yín yóò bá níbi àgọ́ sáyẹ́ǹsì fara jọ ọ́, àmọ́ ìta gbangba ni kíláàsì wà.

Òwúrọ̀ kùtù ni iṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ìgbà yẹn ni ẹyẹ ń ké jù. Ọmọ tó bá ti jí kí ìrun Àsùbáà kò ní í rò ó pé wọ́n jí òun jù. Wọn yóò rìn, wọn yóò dákẹ́, wọn yóò kọ ohun tí wọ́n gbọ́ àti ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Lọ́sàn-án wọ́n lè fi páálí ṣe àpótí dúdú, kí wọ́n lu ihò bíńtín sí i, kí wọ́n sì rí àwòrán igi tó wà níta tó dorí kodò lára ògiri inú rẹ̀. Ibn al-Haytham, Mùsùlùmí tí wọ́n bí ní Basra ní nǹkan bíi ọdún 965, kọ̀wé lórí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba inú ihò kọjá. Ó dára kí ọmọ wa mọ̀ ọ́n kí ó tó débẹ̀. Lálẹ́, níbi tí iná ìlú kò ti pọ̀, wọn yóò wo ìràwọ̀ àti oṣù. Ọmọ tó bá lóye ìdí tí oṣù fi ń fẹ́ tó sì ń kún yóò túbọ̀ lóye ohun tí a ń wá lójú ọ̀run nígbà tí Ramadan bá ku ọ̀la.

Ẹ̀kọ́ tó kan ilé wa jù ni ti omi. Olùkọ́ yóò fi ìgò tàbí abọ́ funfun bu omi tó dúró sójú kan, àwọn ọmọ yóò sì wo ìdin ẹ̀fọn nínú rẹ̀. Ìdin tó bá fi ara lé ojú omi pẹrẹsẹ ni ti ẹ̀fọn Anopheles, èyí tó ń gbé ibà kiri. Èyí tó bá dorí kodò, tó gbé ìdí sókè láti mí, ti ẹ̀fọn mìíràn ni. Láti ẹyin títí tí ẹ̀fọn yóò fi fò, bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni. Ẹ wá wo gọ́tà àti àwọn táyà ògbólógbòó tó gbomi dúró lágbègbè wa lẹ́yìn òjò, ẹ ṣírò rẹ̀. Ọmọ tó bá fi ojú ara rẹ̀ rí èyí kò ní í jẹ́ kí ẹ fi dúrọ́ọ̀mù omi sílẹ̀ láìbò mọ́.

Wọ́n tún lè kọ́ wọn ní sísẹ́ omi. Àwọn àgbà wa mọ sobìà. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ẹni tó ní in ní Nàìjíríà ju 600,000 lọ. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi mímu wà lára ohun tó lé e lọ, títí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde ní 2013 pé kò sí sobìà ní Nàìjíríà mọ́. Aṣọ lásán! Ṣùgbọ́n sísẹ́ nìkan kò tó fún kọ́lẹ́rà: omi mímu gbọ́dọ̀ hó lórí iná, tàbí kí wọ́n fi oògùn apakòkòrò sí i.

Kí ọmọ má ṣe wọ odò tàbí adágún láti wẹ̀ o, bó ti wù kí ó mọ́ tó. Ìṣáwùrú inú omi aláìníyọ̀ ń tú aràn kan jáde tó ń gba awọ ara wọlé, òun ló ń mú ọmọ tọ ẹ̀jẹ̀. Kí wọ́n fi abọ́ ọlọ́wọ́ gígùn bu omi láti etí rẹ̀, kí wọ́n sì wọ bàtà òjò.

Ní ti ìmọ́tótó, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kó yé ọmọ: àlùwàlá kì í ṣe arọ́pò ọṣẹ. Omi tí a fi ṣe tìsìnjá ń fọ ìdí mọ́, ṣùgbọ́n kòkòrò tí ojú kò rí lè wà lọ́wọ́ síbẹ̀. Kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ tó bí ìṣẹ́jú àáyá ogún lẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́ àti kí ó tó jẹun, kí ó tó wá ṣe àlùwàlá rẹ̀. Ẹ fún un ní kẹ́tùlù tirẹ̀, kò gbọdọ̀ jẹ́ pé ogún ọmọ ń ki ọwọ́ bọ bókẹ́ẹ̀tì kan. Ẹ kó aṣọ alápá gígùn, àpò ìbusùn, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àti pákò tàbí búrọ́ọ̀ṣì sí àpótí rẹ̀. Kí ọmọbìnrin tó ti ń bàlágà kó páàdì lọ, bí kò tilẹ̀ tíì rí nǹkan oṣù rẹ̀ rí. Àìmọ̀ lójijì láàárín àlejò ń dẹ́rù bani.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: ìwé ìlera tí wọ́n fún yín láti kọ. Àwa ò fẹ́ràn kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ wa ní àìsàn, nítorí náà a máa ń kọ “rárá” sí gbogbo ìbéèrè. Rárá yẹn lè pa ọmọ. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS gbọ́dọ̀ máa mu omi dáadáa, kò gbọdọ̀ tutù lóru, kò sì yẹ kí wọ́n mú un rìn títí tí yóò fi rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Bí olùkọ́ kò bá mọ̀, yóò rò pé ọ̀lẹ ni. Oní-ikọ́ fée gbọ́dọ̀ ní ohun ìfàsímú rẹ̀ lápò, kì í ṣe nínú àpótí tí wọ́n tì. Ọmọ tó ní wárápá kò gbọdọ̀ dá wà létí omi tàbí kí ó gungi, ẹni tó bá sì wà pẹ̀lú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé a kì í ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu; ẹ̀gbẹ́ la máa ń dà á sí. Ẹni tó ń tọ̀ sílé náà pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ sọ fún ẹni kan péré tó ń mójútó wọn, yóò máa jí i lóru, ojú kò sì ní í tì í láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ bi wọ́n léèrè. Ilé ìwòsàn wo ló sún mọ́ wọn jù, ọkọ̀ wo ni yóò sì gbé ọmọ débẹ̀ lóru? Ṣé ibùsùn ọkùnrin àti obìnrin yàtọ̀? Ta ló ń dáná, ṣé ẹran rẹ̀ jẹ́ hàláàlì? Ṣé àgbàlagbà kan lè dá wà pẹ̀lú ọmọ kan ní yàrá? Ẹni tí inú bá ń bí nítorí ìbéèrè yìí, ẹ má fi ọmọ yín fún un. Bí ejò bá bu ọmọ jẹ, kí wọ́n má ṣe gé e, kí wọ́n má ṣe fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu. Kí ẹsẹ̀ náà dúró jẹ́ẹ́, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Alẹ́ àkọ́kọ́ àti èkejì ni ilé máa ń sọ ọmọ jù. Ọ̀pọ̀ àgọ́ kì í gba fóònù láyè, ẹ sọ ọ́ fún un tẹ́lẹ̀, kí ó má baà rò pé ẹ ti gbàgbé òun.

Nígbà tó bá dé, ẹ máa ṣọ́ ọ fún bí oṣù kan. Ibà kì í sábà hàn lọ́jọ́ tí ẹ̀fọn jẹ ọmọ. Ó sábà máa ń tó ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó ra oògùn lọ́wọ́ kẹ́mísìtì, kí ẹ sì sọ ibi tó ti sùn fún dókítà. Bí ó bá ń ṣu omi, lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, gbogbo rẹ̀ ní déédéé ẹnu ṣíbí, ni kí ẹ pò fún un díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá pọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù mélòó kan, ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò ìtọ̀. Praziquantel ni oògùn tí dókítà máa ń fún un fún aràn yẹn.