Ẹ Mú Ọmọ Náà Jáde: Ìwé Ìlàlóye fún Òbí Ọmọ Adití àti Ọmọ Afọ́jú

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa tọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ̀yin la kọ ìwé yìí fún. Bí ọmọ kan bá wà lọ́dọ̀ yín tí kò gbọ́ràn tàbí tí kò ríran, a fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ wà fún un. Ó lè mọ̀wé, ó lè kọ́ṣẹ́, ó sì lè dá dúró láyè ara rẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọdún tí ọmọ bá lò ní kọ̀rọ̀ yàrá kò ní padà wá.

Báwo la ṣe ń tètè mọ̀?

Ọmọ ọwọ́ tó ń gbọ́ràn a máa ta gìrì bí ìlẹ̀kùn bá pa gbàgà. Tó bá fi máa pé oṣù 6, á ti máa yíjú síbi tí ohùn ìyá rẹ̀ ti ń wá. Bó bá pé ọdún kan, ó yẹ kó máa jẹ́ ìpè bí a bá pe orúkọ rẹ̀. Bí oṣù 18 bá pé tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀" tù yín nínú.

Ní ti ojú, ọmọ oṣù 3 yẹ kó máa fi ojú tẹ̀ lé ojú ẹni tó gbé e. Bí ẹ bá rí ohun funfun láàárín ẹyinjú ọmọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yẹn parí kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú. Irú funfun bẹ́ẹ̀ wà tí iṣẹ́ abẹ lè mú kúrò, àmọ́ bó bá pẹ́ jù, ojú kò ní kọ́ bí a ṣe ń ríran mọ́. Irú mìíràn wà tó jẹ́ jẹjẹrẹ, ìyẹn sì lè gba ẹ̀mí ọmọ.

Kí ló ń fà á?

Yírùnyírùn àti èéyi lè ba etí ọmọ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibà pọ́njú tó le, tó mú ọmọ ní kété tí wọ́n bí i, etí títú tí a kò tọ́jú, àti àwọn oògùn kan tí a lò láìgba àṣẹ dókítà. Èéyi àti àìtó fítámì A lè fọ́ ojú ọmọ. Kíkán ìtọ̀ tàbí omi ewé sójú tún ti sọ ojú tí kò bá sàn di èyí tó fọ́ pátápátá. Ọmọ mìíràn wà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ẹ má dá ìyá rẹ̀ lẹ́bi, ẹ má sì fẹ̀sùn kan àna tàbí orogún. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó pé ni ààbò tó dára jù fún àbúrò rẹ̀.

Èé ṣe tí a fi ń sọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń gbé (bọ́dìn)?

Ọmọ tó ń gbọ́ràn kò nílò tíṣà kó tó mọ Yorùbá. Inú ilé ló ti ń gbọ́ ọ, lẹ́nu ìyá, lẹ́nu ẹ̀gbọ́n, lẹ́nu ẹni tó ń kiri ọjà kọjá. Ọmọ adití kò rí ìyẹn gbọ́. Bó bá jẹ́ òun nìkan ni adití ní àdúgbò, ìwọ̀nba àmì tí òun àti ìyá rẹ̀ fọwọ́ ara wọn ṣe ni gbogbo èdè tó ní: oúnjẹ, omi, wá, lọ. Ọmọ lè pé ọdún 9 báyìí láì mọ̀ pé òun ní orúkọ.

Ní ilé ẹ̀kọ́ adití, ọjọ́ díẹ̀ tí ọmọ bá débẹ̀ ni wọn yóò sọ ọ́ ní orúkọ ọwọ́, àmì kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Nídìí oúnjẹ, níbi ìfọṣọ, lórí bẹ́ẹ̀dì kí oorun tó kùn wọ́n, èdè ọwọ́ ni àwọn ọmọ fi ń bára wọn tàkúrọ̀sọ. Ibẹ̀ ni èdè ti ń wọlé sí i lára. Ohun tí bọ́dìn ń ṣe fún adití nìyẹn. Fún ọmọ tí kò ríran, bọ́dìn ń kọ́ ọ bí a ṣe ń wẹ̀, bí a ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bí a ṣe ń fi ọ̀pá funfun wá ọ̀nà, láìsí ẹni tí ń fà á lọ́wọ́ kiri.

Ta ló dá àwọn ilé ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀?

Àánú ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní Èkó, àwọn tó fẹ́ràn adití ló kó ara wọn jọ tí Wesley School for the Deaf fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1958. Ní ọdún 1962, ìjọ Kátólíìkì dá Pacelli School sílẹ̀ fún àwọn ọmọ afọ́jú ní Sùúrùlérè. Ibẹ̀ ni Cobhams Asuquo, tí gbogbo wa mọ̀ nídìí orin, ti kàwé.

Ní Ìbàdàn, adití gan-an ló wá kọ́ adití. Andrew Foster, ọmọ Adúláwọ̀ láti Alabama ní Amẹ́ríkà, jẹ́ ọmọ ọdún 11 nígbà tí yírùnyírùn dí i létí. Ní ọdún 1954, ó gba oyè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì adití Gallaudet, wọ́n sì kà á sí ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Gánà ní ọdún 1957, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1960. Kí ọkọ̀ òfúrufú tó já lulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní Rwanda ní ọdún 1987, ilé ẹ̀kọ́ adití tó dá sílẹ̀ ní Áfíríkà lé ní 30. Èdè ọwọ́ tó mú wá ni gbòǹgbò èyí tí àwọn adití Nàìjíríà ń lò títí dòní.

Ìjọba náà ti ní tirẹ̀ báyìí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́ láti ọdún 1977 ló ń kọ́ àwọn tíṣà tí yóò kọ́ irú àwọn ọmọ wọ̀nyí.

Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀?

Ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ohun tí ọmọ yòókù ń kọ́. Ọ̀nà tó ń gbà wọlé ló yàtọ̀. Adití ń fi ojú gba tirẹ̀. Afọ́jú ń fi ìka ka bíréèlì, ìwé oníkókó tí Louis Braille, afọ́jú ọmọ Faransé, gbé kalẹ̀ ní ọdún 1824 nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 15. Kókó 6 péré ni, mẹ́ta lósì, mẹ́ta lọ́tún. Ọ̀nà 63 ni a lè gbà tò wọ́n, ó sì ká lẹ́tà, nọ́ńbà àti orin. Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó lọmọ fi ń lu ìwé náà láti ọ̀tún sí òsì. Bó bá yí i padà, kókó á yọ sókè, á sì kà á láti òsì sí ọ̀tún. Bó bá ti mọ èyí dáadáa, ó lè wọ ilé ẹ̀kọ́ girama pẹ̀lú àwọn tó ríran, kó sì lọ sí yunifásítì.

Kí ni òfin sọ?

Òfin tó ká ìwà ìyàsọ́tọ̀ sí àkàndá ẹ̀dá lọ́wọ́ kò, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, sọ pé ẹ̀kọ́ àkàndá ẹ̀dá jẹ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó tún ka mímú wọn kiri láti tọrọ owó sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 2011.

Báwo ni ẹ ṣe máa forúkọ ọmọ sílẹ̀?

1. Ẹ kọ́kọ́ mú un lọ sí ilé ìwòsàn tó ní dókítà etí tàbí ti ojú. Ẹ gba ìwé àyẹ̀wò. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tàbí awò ojú lè tó fún ọmọ mìíràn, kó sì máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́ àdúgbò.
2. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ tàbí ti Wẹ́fíà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ẹ béèrè ilé ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ yín jù.
3. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, káàdì àjẹsára, ìwé àyẹ̀wò àti fọ́tò pélébé dání.
4. Ẹ bẹ ilé ẹ̀kọ́ náà wò kí ẹ tó fi ọmọ sílẹ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n ń sùn. Ẹ béèrè ẹni tó ń ṣọ́ wọn lóru, bóyá ilé àwọn obìnrin dá dúró, àti ẹni tí ọmọ lè fi ẹjọ́ sùn bí wọ́n bá fìyà jẹ ẹ́.
5. Ẹ béèrè ohun tí ẹ máa san àti èyí tí àwọn aláàánú ń gbé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ tó kù fún òbí

Ó ń dùn wá pé àwọn kan ń fi ọmọ sílẹ̀ ní sáà kìíní, tí a kì í rí wọn mọ́. Ọlidé á dé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á lọ, òun á jókòó ti àpótí rẹ̀ lẹ́nu géètì. Ilé ẹ̀kọ́ ń bá yín tọ́ ọmọ ni. Kò lè gba ipò yín. Ẹ lọ wò ó lọ́jọ́ ìbẹ̀wò. Ẹ mú un wálé ní gbogbo ọlidé. Bó bá wálé, ẹ má fi í pa mọ́ fún àlejò. Ẹ jẹ́ kó bá wọn lọ sóde ìkómọ, kó bá wọn jẹ iyán. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe sí i níbẹ̀, kí ẹ sì gba ohun tó bá sọ gbọ́.

Ẹ kọ́ èdè rẹ̀. Àmì mẹ́wàá ní ọlidé kan kò pọ̀ jù. Òun gan-an ni yóò kọ́ yín, inú rẹ̀ á sì dùn láti jẹ́ tíṣà nílé bàbá rẹ̀.

Ẹ̀yin aláàánú

Ẹ kú ìtọ́jú. Kí ẹ tó gbé ìrẹsì lọ, ẹ bi ilé ẹ̀kọ́ ohun tó wọ́n wọn. Ó lè jẹ́ ìwé bíréèlì, ọ̀pá funfun, bátìrì ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tàbí owó oṣù ìyá tó ń tọ́jú wọn ní bọ́dìn. Ẹ má ya fọ́tò ọmọ sórí Facebook láìgba àyè lọ́wọ́ òbí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn

Bí ẹ bá mọ ilé tí irú ọmọ yìí wà, ẹ fi ìwé yìí lé wọn lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ ilé tiyín ni, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má dúró de sáà tuntun. Ẹ̀yin tí ọmọ yín adití ti wà nílé ẹ̀kọ́, ẹ bi í ní orúkọ ọwọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Ẹ kọ́ ọ, kí gbogbo ilé kọ́ ọ, kó lè jẹ́ pé òun lẹ ó fi pè é bó bá wọlé.