Tọkọtaya Àgbà, Ẹ Má Fi Oògùn Sílẹ̀ Lọ sí Etí Òkun

Bí tọkọtaya tó ti dàgbà bá kúrò ní Ìpàtà, nílùú Ìlọrin, lọ wo Ayétòrò létí òkun Ìlàjẹ, ọ̀nà náà jìn. Wọn yóò gba Ìbàdàn, Orè àti Òkìtìpupa dé Igbókòdá, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọdún 1947 ni wọ́n tẹ ìlú náà dó, òkun sì ti ń jẹ ẹ́ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó tètè lọ.

Àwọn bàbá ni mo fẹ́ bá wí. Irú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó máa ń jẹ́ kéèyàn tọ̀ ṣáá. Wọ́n á ní àwọn kò ní í lò ó lọ́jọ́ ìrìn-àjò, kí awakọ̀ má baà kùn. Wọn kò tún ní í mu omi! Rọpá-rọsẹ̀ lè ti ibẹ̀ wá, níbi tí ilé ìwòsàn jìnnà sí. Ẹ bi dókítà yín ní wákàtí tó yẹ kẹ́ ẹ lò ó, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Báàgì ọwọ́ ni kẹ́ ẹ kó o sí, kì í ṣe bùútù. (Ìyá ni kó máa ṣọ́ ọ.)

Bí a bá jókòó pẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ẹsẹ̀, kó sì gòkè lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ n'Íbàdàn, ẹ rìn díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú, tó ń dunni, tàbí tí èémí kò já gaara, ẹ kọrí sí ilé ìwòsàn.

Ọsàn tẹ́ ẹ rà ní Ìpàtà sàn ju wàrà lọ, oòrùn a máa ba wàrà jẹ́. Ẹ gbé omi mímu àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dání.