Ọ̀wọ́n àti Ọ̀pọ̀: Ohun Tó Ń Gbé Iye Ọjà Sókè

Ní Oṣù Kẹta, àgbàdo tútù kì í pọ̀ lẹ́bàá títì. Àwọn tó dáko sí àkùrọ̀ nìkan ló sábà máa ń ní in, torí omi odò ni wọ́n fi bọ́ ọ nígbà tí òjò kò tíì rọ̀ dáadáa. Tó bá di Oṣù Keje, àgbàdo ti gbó ní gbogbo oko, ẹni tó ń tà á á sì máa fi ènì sí i kí oníbàárà má bàa kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àgbàdo kan náà ni, ẹnu tó ń jẹ ẹ́ kò sì dín kù. Èyí tó wọ ọjà ló pọ̀ sí i, ni iye rẹ̀ fi wálẹ̀.

Iye gọbọi ti Oṣù Kẹta yẹn ló ń mú kí àgbẹ̀ àkùrọ̀ gbà láti máa pọn omi. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó fi gbin àgbàdo, kò lè fi gbin tẹ̀tẹ̀ mọ́. Owó tí tẹ̀tẹ̀ ìbá mú wá wà lára ohun tí àgbàdo náà ná an, bí kò tilẹ̀ yọ kọ́bọ̀ lápò. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kì í gbàgbé irú ìnáwó yìí. Àwa yòókù máa ń gbàgbé rẹ̀.

Bí nǹkan bá wọ́n, ọlọ́jà ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa ń kọ́kọ́ bú. Lóòótọ́, àwọn kan ń kó ọjà pamọ́. Àmọ́ ní 2016, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta ba oko tòmátò jẹ́ ní Kàdúná àti láwọn ibòmíràn ní Òkè Ọya, iye apẹ̀rẹ̀ tòmátò sì fò sókè ní ọjà Mile 12 l'Ékòó. Àwọn ìyá tó ń tà á níbẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìkà lọ́dún yẹn. Tòmátò tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn ló kéré. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a mọ́ sì yà sídìí tòmátò inú agolo.

Ibi tó máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu ni pé owó fúnra rẹ̀ náà máa ń wọ́n, ó sì máa ń pọ̀. Ẹ wo owó ẹyọ. Ogójì ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, 20,000, ẹrù tó tó ènìyàn kan rù. Láti erékùṣù Maldives nínú òkun Íńdíà ni wọ́n ti ń kó o wá, àwọn òyìnbó sì fi ra ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú ní etíkun wa. Ọ̀nà jíjìn yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kó níyì: kò sẹ́ni tó lè jí lówùúrọ̀ kó lọ ṣà á létí ọ̀sà.

Láti 1845, àwọn oníṣòwò Hamburg ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú ẹyọ mìíràn wá láti Zanzibar, ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ó tóbi ju ti àtijọ́ lọ, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń rà á níbẹ̀, epo pupa ni wọ́n sì ń fi rà níhìn-ín. Ẹyọ ń wọlé ju bí ọjà ṣe ń pọ̀ lọ. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, okùn tó ń ra nǹkan gidi tẹ́lẹ̀ kò tó nǹkan mọ́. Ẹni tó ti ri ìkòkò ẹyọ mọ́lẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀ lè hú u jáde, kó kà á pé láìdín ẹyọ kan, síbẹ̀ kó ti pàdánù. Ọ̀wọ́ngógó nìyẹn, kò sì sí olè kankan níbẹ̀.

Náírà náà ti tọ ọ̀nà yẹn. Nígbà tó rọ́pò pọ́n-ùn ní ọjọ́ kìíní, Oṣù Kìíní, 1973, náírà méjì ni wọ́n fi pààrọ̀ pọ́n-ùn kan, ₦10 sì ni owó bébà tó tóbi jù. ₦20 dé ní 1977, ₦50 ní 1991. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ń sáré tẹ̀lé ara wọn: ₦100 ní 1999, ₦200 ní 2000, ₦500 ní 2001, ₦1,000 ní 2005. Ìgbà tí owó tó wà nílẹ̀ kò bá ra nǹkan gidi mọ́ ni wọ́n ń tẹ èyí tó jù ú lọ. Kọ́bọ̀ ńkọ́? Inú ìwé ìṣirò ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti ń bá a pàdé.

Òdìkejì rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Báńkì àpapọ̀ ti pààrọ̀ àwọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000, wọ́n ń gba ti àtijọ́ wọlé, tuntun kò sì tó. Owó wà ní báńkì, kò sí lọ́wọ́. Àwọn oní-POS wá ń ta owó: ẹni tó fẹ́ gba ₦10,000 lè san ₦2,000 lé e. Lákòókò kan náà, àwọn tó ń ta ata àti tòmátò ń tà á lọ́pọ̀ kó tó jẹrà, torí oníbàárà kò rówó kàn. Ó di ọjọ́ kẹta, Oṣù Kẹta, kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó pàṣẹ pé kí wọ́n ṣì máa ná owó àtijọ́ títí ọdún náà á fi parí.

Ó ku èsúsú, tí ìwé iléèwé sábà máa ń fò, tí àwọn Yorùbá sì gbé dé Trinidad, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní sou-sou títí di òní. Ká ní èèyàn mẹ́wàá ń dá ₦10,000 lóṣooṣù, tí ẹnì kan sì ń kó gbogbo rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ kó ₦100,000 ti yá owó lọ́wọ́ àwọn yòókù láìsan èlé. Ẹni tó kó kẹ́yìn ló ń yá gbogbo wọn lówó, bí ọjà bá sì ń wọ́n sí i láàárín oṣù mẹ́wàá náà, àpò ìrẹsì tí ẹni àkọ́kọ́ rà lè kọjá agbára rẹ̀. Abájọ tí wọ́n fi máa ń du nọ́ńbà nígbà tí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi ìyá tàbí àǹtí yín tó ń dá a pé nọ́ńbà wo ló wù ú. Ọ̀pọ̀ á mú ti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á ní ti Oṣù Kẹsàn-án làwọn fẹ́, nítorí owó iléèwé.